Aago Méje Dádì àti Ọkọ̀ Ojú Omi

Tí fóònù bá kú ní Agbówó, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Mi ò fọ́nnu o, ẹ lọ béèrè. Poli tí mo fi sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, kì í ṣe pé orí mi ò gbé e, ìwé náà ló ń falẹ̀ jù. Olùkọ́ á dúró síwájú pátákó, á máa fa nǹkan tí mo ti rí lórí fóònù mi kó tó wá ṣọ́ọ̀kì. Ta ló fẹ́ dúró tì í? Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi dé ilé wa ní Bódìjà, ẹ ò ní béèrè ẹni tí wọ́n pè.

Ilé wa tí mo wí yìí, ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Dádì là ń pè wọ́n. Pírínsípà ilé-ìwé girama ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò tíì fẹ̀yìn tì nínú ilé. Ìyàwó wọn, Mọ́mì, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Ìbejì ni wọ́n bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọn méjèèjì ti wà lókè òkun tipẹ́. Èmi ni mo wà ní bọ́ìsì kọ́tàsì lẹ́yìnkùlé, mò ń jẹ nínú ìkòkò wọn, mò ń tún fóònù wọn ṣe. Ẹni tó bá ní ọ̀fẹ́ ni mò ń jẹ, kó wá bá wọn ṣí wásáàpù wọn nígbà tó bá tún tì.

Nǹkan kan wà nínú ilé yẹn tó le ju ìjọba lọ: aago méje ìrọ̀lẹ́. Tí aago ara ògiri bá ti lu méje báyìí, Dádì á ti jókòó sí ìdí tábìlì, wọ́n á fi ṣíbí kan tábìlì, ko, ko. Mọ́mì á gbé tíréè jáde láti kíṣìnì, wọ́n á tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n á ṣí kúlà, wọ́n á gbé omi ìfọwọ́ sílẹ̀, wọ́n á padà sí kíṣìnì. Ó di ìgbà tí Dádì bá gùnfẹ̀ kí Mọ́mì tó jẹ tiwọn, lórí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì. Àga tó kọjú sí Dádì nídìí tábìlì yẹn, ìwé ìròyìn àti fìlà ọjọ́ Ìsinmi ló ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì ṣì ń ṣe díútì alẹ́ pàápàá, wọ́n á se é sílẹ̀ sínú kúlà kí wọ́n tó lọ. Tó bá di aago méje, Dádì á kan ṣíbí fún ògiri, wọ́n á wá fọwọ́ ara wọn ṣí i. Wọ́n ní ọ̀sán gangan ni wọ́n bí àwọn Ìbejì. Mo máa ń sọ pé ẹ̀rù ló ba àwọn ọmọ náà, wọn ò fẹ́ bá aago méje pàdé.

Àwọn Ìbejì yìí ló pinnu pé ọdún ìgbéyàwó àwọn òbí wọn ti pọ̀ tó nǹkan tí èèyàn ń ṣe. Wọn ò fẹ́ pàtí tí àwọn èèyàn á wá jẹ tán tí wọ́n á ní ìrẹsì ò jinná. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ní kí àwọn àgbà méjèèjì lọ wọ̀, irú èyí tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, tí èèyàn ń sùn nínú ẹ̀, tó ń jẹ nínú ẹ̀, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ lórí omi. Wọ́n ti ṣètò gbogbo ẹ̀ tán. Ó wá ku nǹkan kan.

Mo tẹ fóìsì nóòtì sístà mi, obìnrin inú àwọn Ìbejì, sí etí ìgbọ́ gbogbo ilé.

"Dádì, Mọ́mì, ẹ káàsán o. Oúnjẹ alẹ́ ló kù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn. Èkíní, aago kan náà lójoojúmọ́, tábìlì kan náà, àwọn tẹ́ ẹ jọ máa jókòó ò ní yí padà. Ìkejì, ìgbà tó bá wù yín lẹ máa lọ, ibi tí àyè bá wà lẹ máa jókòó sí. Ọ̀kan lẹ máa mú o, torí ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Àbúrò mi á bá yín tẹ̀ ẹ́. Kó má kọjá ọjọ́ Ẹtì o."

Dádì ò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ẹ̀ dáadáa.

"Kí ló wá le níbẹ̀? Tẹ aago méje."

Ìka mi ti ń lọ sílẹ̀.

"Má tẹ̀ ẹ́!"

Mọ́mì ló dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì yẹn pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́, sẹ̀mó ṣì ń já bọ́ sílẹ̀ lára ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé yẹn, mi ò gbọ́ kí Mọ́mì pariwo rí, àfi ìgbà tí ejò wọ gáréèjì.

"Ìyá Ìbejì, kí ló dé?" Dádì bi wọ́n.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, àwọn ọmọ ní ká lọ sinmi ni àbí wọn ò wí bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fẹ́ mi sílé ni mo ti ń sáré lé aago méje. Mo ti inú díútì sáré lé e. Mo fi oyún ìbejì sáré lé e. Ẹ wá ní kí n tún lọ máa sáré lé e lórí òkun?"

"Ta ló ní kó o sáré? Àwọn ọlọ́kọ̀ ló máa dáná."

"Ọkàn mi ló máa máa sáré! Tí oòrùn bá ń wọ̀ lórí omi yẹn, mo fẹ́ jókòó kí n wò ó títí tó fi máa wọ̀ tán. Tébi bá pa mí, màá dìde. Tí ò bá pa mí, màá jókòó mi. Tó bá jẹ́ aago méje lẹ máa tẹ̀, ẹ gbé aago yín dání, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Èmi wà ní Bódìjà."

"O ò ní lọ?"

"N ò ní lọ."

Wọ́n padà lọ ro sẹ̀mó. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rò ó lọ́jọ́ náà, ẹ máa rò pé ẹnì kan ló wà nínú ìkòkò yẹn.

Lọ́jọ́ kejì Dádì pè mí sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n wo iwájú, bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan tí kò yẹ kó rà.

"Ìwọ yìí, ṣé o mọ̀ nípa ọkọ̀ yìí?"

"Dádì, èmi kẹ̀? Ta lẹ̀ ń bi?"

Omi tó tóbi jù tí mo rí rí láyé mi ni ti Ẹlẹ́yẹlé. Ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò ọkọ̀ yẹn títí dátà mi fi tán, ẹni tó wò ó tán, kí ló kù tó fẹ́ mọ̀?

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ ti aago kan náà yẹn, tí wọ́n bá ti gbé tèmi wá, ibo ni Ìyá Ìbejì á ti lọ jẹ tiẹ̀?"

Mo gbé ẹ̀rín mì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

"Dádì, ẹ jọ máa jókòó jẹ ẹ́ ni."

"Jọ jókòó? Níwájú àwọn èèyàn?"

"Pẹ̀lú àwọn èèyàn."

"Àwọn ìyàwó tó kù ńkọ́?"

"Àwọn náà á jókòó."

"Ta ló wá ń gbé oúnjẹ wá?"

"Wẹ́tà."

"Obìnrin?"

"Ọkùnrin lèyí tí mo rí nínú fídíò. Ó tún wọ tai."

Dádì mí kanlẹ̀. Ṣé ẹ rí i, gbogbo bí wọ́n ṣe ń pariwo aago méje yẹn, wọ́n rò pé kíṣìnì kan wà nínú ọkọ̀ tí àwọn ìyàwó ti máa ń dúró de àwọn ọkọ wọn láti gùnfẹ̀ ni. Mo rí i lójú wọn pé wọn ò mọ èyí tí wọ́n fẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn. Ibi tí orí pípé mi ti wọlé nìyẹn.

"Dádì, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kéèyàn tó jókòó sí ìdánwò, ó gbọ́dọ̀ ṣe ti ìgbáradì? Ẹ jẹ́ ká fi ilé yìí ṣe ọkọ̀. Ká kọ́kọ́ dán ti ìgbà-tó-bá-wù-ọ́ wò, ká wá dán ti aago méje wò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an. Èyí tó bá dáa, màá tẹ̀ ẹ́."

Mi ò mọ̀ pé Mọ́mì wà lójú fèrèsé.

"Ó wù mí!" ni wọ́n ké. "Ká bẹ̀rẹ̀ lónìí!"

Nígbà tí oòrùn fẹ́ẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Mọ́mì dé fìlà onígbòòrò tí sístà mi fi ránṣẹ́, wọ́n gbé àga lọ sí fáràńdà òkè, wọ́n bu ẹ̀pà sínú abọ́, wọ́n na ẹsẹ̀. Kéké tó ń kọjá lójú títì ni ẹja wọn. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn táǹkì omi ará ilé kejì, Mọ́mì ń wò ó bí ẹni pé òun ló ra oòrùn náà.

Aago lu méje. Dádì kan ṣíbí. Ko, ko.

Tíréè ò jáde.

Ko, ko, ko!

"Bàbá Ìbejì," Mọ́mì dáhùn látòkè, ohùn wọn tutù bí omi inú fíríìjì, "ebi ò tíì pa mí o. Ṣé ó ti ń pa yín?"

"Aago méje ti lù!"

"Aago ló lù yẹn. Mo ní, ṣé ebi ń pa yín?"

Mo wà nídìí ilẹ̀kùn, mò ń wo Dádì. Wọ́n wo ikùn wọn. Ó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Tí aago bá ti lù, ebi ti dé nìyẹn, kò sí pé à ń fọ̀rọ̀ wá ikùn lẹ́nu wò.

"Lọ wo kíṣìnì," wọ́n sọ fún mi.

Ìkòkò tutù bí imú ajá. Mo ní kí wọ́n má dààmú, èmi á tẹ ẹ̀bà. Kí ló wà nínú ẹ̀bà? Omi gbígbóná àti gàrí. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bà náà sú kókó sú kókó, bí ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀ nígbà tí òjò bá ti bà á jẹ́. Ọbẹ̀ tí mo rò pé mo gbé jáde láti inú fíríìjì, ẹ̀wà tí Mọ́mì rẹ sílẹ̀ fún mọ́ínmọ́ín ni. Dádì bu òkèlè kan, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Poli wo lo ní o lọ?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Mọ́mì tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ètè. Wọ́n dín dòdò àti ẹyin, wọ́n gbé e kọjá níwájú Dádì.

"Ẹ wá jẹun o."

"Mo ti yó," Dádì ní. Ikùn wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ó pariwo débi pé mo wo òkè bóyá òjò fẹ́ rọ̀. Mọ́mì rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé dòdò wọn gòkè padà lọ sí etí òkun.

Bílẹ̀ ṣe mọ́, Dádì ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ìyẹn ò dáa. Ìranù ni. Lónìí, aago méje. Ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ọkọ̀ gan-an, kí Ìyá Ìbejì rí i pé nǹkan tó létòò ló dáa."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, Dádì? Kò ní sí pé ẹ bínú o."

"Mo ti wí."

Wọ́n ti wí nìyẹn. Mo gba Agbówó lọ. Nínú ọkọ̀, àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí lẹ jọ ń jẹun, nítorí náà mo pe àwọn tí Dádì ò mọ̀ rí: ọ̀rẹ́ mi tó ń wa kéké, àti ìyá tó ń ta síìmù ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹnu ẹ̀ ò ní kọ́mà. Mo kó ìwé ìròyìn àti fìlà kúrò lórí àga tó kọjú sí ti Dádì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìrísí àga ọ̀hún ti yí padà, eruku tó wà lórí ẹ̀ ju ti ìwé mi ní poli lọ. Mọ́mì ti se ọbẹ̀ ilá alásèpọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, torí wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí n tún pa ẹnì kankan. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ, wọ́n wá jókòó sórí àga yẹn. Dádì wò wọ́n bí ẹni tí àga ń bá sọ̀rọ̀.

Aago lu. Ṣíbí lọ sókè. Mo ti dé pẹ̀lú táwẹ́lì lápá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọn kì í lu tábìlì nínú ọkọ̀."

Mo kọ́kọ́ gbé ti onísíìmù fún un, mo gbé ti Mọ́mì, mo gbé ti oníkéké, mo wá gbé ti Dádì kẹ́yìn. Ojú tí Dádì fi wò mí yẹn, ẹni tó ti gba ẹgba lọ́wọ́ pírínsípà rí ló máa mọ̀ ọ́n.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Òkèlè há Dádì lọ́fun díẹ̀.

"Omi," wọ́n sọ fún Mọ́mì.

Mọ́mì ti dìde dé ìdajì. Mo rí i, orúnkún wọn ló dìde, kì í ṣe àwọn gan-an. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n wá jókòó padà.

"Ẹ pe wẹ́tà."

"Wẹ́tà!" oníkéké kígbe, ẹnu ẹ̀ kún. "Fún Bàbá lómi jàre, kó o tó kó wa sí wàhálà!"

Onísíìmù ti tọ́ ọbẹ̀ wò. "Háà! Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ se ilá yìí? Bàbá, irú èyí lẹ̀ ń jẹ lójoojúmọ́? Abájọ tí awọ yín fi ń dán. Kí lẹ máa ń sọ fún wọn tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán?"

Dádì wúkọ́. "Ó... ó máa ń ṣe dáadáa."

"Ó máa ń ṣe dáadáa! Ẹ gbọ́ nǹkan tí Bàbá kọ sí rìsọ́ọ̀tì ìyàwó wọn! Ipò wo ló ṣe, sà?"

Oníkéké rẹ́rìn-ín títí ilá fi gba imú ẹ̀. Mọ́mì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n mú egungun láti inú abọ́ wọn, wọ́n fi eyín là á, wọ́n dijú pátápátá, wọ́n ń fa mùdùnmúdùn inú ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Mo rí i pé òkèlè Dádì dúró lágbedeméjì abọ́ àti ẹnu.

"Ìyá Ìbejì."

"Ẹn?"

"O máa ń dijú tó o bá ń jẹ egungun?"

"Láti kékeré."

"Mi ò mọ̀."

"Ibo lẹ ti fẹ́ẹ́ mọ̀ ọ́n?" Mọ́mì lajú. Kò sí ìjà nínú ohùn wọn. "Ẹ rí mi rí níbi tí mo ti ń jẹun?"

Onísíìmù tí ẹnu ẹ̀ ò ní kọ́mà, ó rí kọ́mà lọ́jọ́ náà. Dádì gbé òkèlè yẹn padà sínú abọ́. Wọ́n wo inú ọbẹ̀ wọn, wọ́n yọ egungun tó tóbi jù níbẹ̀, wọ́n nawọ́ kọjá tábìlì, wọ́n gbé e sínú abọ́ Mọ́mì. Mo ti fojú sí egungun yẹn láti ọ̀sán o, mo ti ro ibi tí màá jókòó sí jẹ ẹ́ tí Dádì bá fi sílẹ̀. Bó ṣe lọ nìyẹn.

Nígbà tí àwọn àlejò mi lọ tán, Dádì ò dìde nídìí tábìlì.

"Gbé fóònù yẹn wá. Tẹ ìgbà tó bá wù ú."

"Ìgbà tó bá wù *ú*, Dádì?"

"Ṣé etí ń dùn ẹ́ ni?"

"Aago méje yín wá ńkọ́?"

"Kó dúró de Ìyá Ìbejì. Mo ti dá jẹun tó." Wọ́n ronú díẹ̀. "Àmọ́ kó má kọjá aago mẹ́jọ o!"

"Ẹ gbọ́ wọn!" Mọ́mì ń pariwo láti kíṣìnì. "Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀!"

Mo tẹ̀ ẹ́ kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó yí ọkàn padà. Mọ́mì di ẹrù wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, fìlà onígbòòrò ni wọ́n kọ́kọ́ kó.

Wọ́n lọ. Aago ara ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ lu méje lọ́jọ́ kan nígbà tí Dádì pè mí lórí fídíò. Wọ́n wọ kóòtù. Tábìlì aláṣọ funfun wà níwájú wọn, abọ́ òfìfo méjì, ṣíbí wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì kàn án.

"Mọ́mì dà?"

Wọ́n yí fóònù sí ojú gíláàsì. Mọ́mì jókòó níta pẹ̀lú fìlà wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa, omi pupa lọ títí dé ibi tí ojú mi ò lè tó.

"Ó ní ó kù díẹ̀," Dádì ní.

"Ẹ lè kọ́kọ́ máa jẹ ná."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ."

Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí. Mo dá dúró nínú pálọ̀, ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mi ò mọ ìgbà tí èmi náà kó àrùn aago méje. Mo jókòó sórí àga Dádì, mo mú ṣíbí, mo kan tábìlì, ko, ko. Wọ́n mú iná lọ. Mo wá bàtà mi nínú òkùnkùn, mo gba Agbówó lọ wá ẹ̀wà àti búrẹ́dì, onísíìmù yẹn rí mi lọ́ọ̀ọ́kán.

"Wẹ́tà!" ló pè mí. "Ebi ń pa ọ́?"